Oògùn Pọtásíọ̀mù: Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìsí Ewu

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ló kan Ágíríìkì kan ọ̀rọ̀ oògùn ọsibítù?" Ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe kàn mí.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo lọ nígbà òjò, lẹ́yìn tí a pín ajílẹ̀ tán tí oníkálukú ń gbé àpò tirẹ̀ sórí ọ̀kadà, bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọ̀gá Ágíríìkì, ẹ dákun, ẹ wá gbọ́." Ó mú ike kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ajílẹ̀ pupa tí a ń fi sí ìdí ọ̀pẹ ni mo bá níbẹ̀. Bàbá ní wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò ní ọsibítù, wọ́n ní pọtásíọ̀mù ara òun ti lọ sílẹ̀, wọ́n sì kọ oògùn fún òun, ṣùgbọ́n owó oògùn náà ti wọ̀ jù. Ó wá ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé pọtásíọ̀mù ló wà nínú èyí? Ìdajì ṣíbí ni mo fẹ́ máa pò mọ́ ẹ̀kọ láràárọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ni."

Ara mi gbọ̀n. Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní kò béèrè ńkọ́? Ẹ̀kọ́ tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ wọn ni ì bá pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ ètò yìí tipẹ́ mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lára àpò ajílẹ̀. Bí ẹ bá rí 15-15-15, àkọ́kọ́ dúró fún náítírójìn tí ń mú ewé dára, èkejì fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́, ẹ̀kẹta fún pótáàṣì, ìyẹn pọtásíọ̀mù. Òun ló ń ran iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ láti ta, tí ń jẹ́ kí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tóbi. Ilẹ̀ tí kò bá ní in tó, etí ewé tó ti gbó á máa gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ohun tí ó yẹ kí n ti fi kún un ni pé oúnjẹ ilẹ̀ ni mo ń wí, kì í ṣe ti ẹnu.

Orúkọ yìí gan-an ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó máa ń da omi sórí eérú igi, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì se omi náà nínú ìkòkò títí tí yóò fi gbẹ. Ohun funfun tó bá kù sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "potash", ìyẹn eérú ìkòkò. Lọ́dún 1807, ní ìlú London, Humphry Davy fi iná mànàmáná yọ pọtásíọ̀mù fúnra rẹ̀ jáde láti inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ tó bá ti eérú ìkòkò mu. Àwọn ìyá wa tí ń fi eérú pádi kòkó ṣe ọṣẹ dúdú, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò jìnnà sí ti àwọn òyìnbó àtijọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá pe pótáàṣì láàárín wa lónìí, ó lè jẹ́ ajílẹ̀ ló ń wí, ó lè jẹ́ kán-ún, ó lè jẹ́ eérú, ó sì lè jẹ́ oògùn. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ajílẹ̀ pupa tí bàbá yẹn bù sínú ike, muriate of potash ni wọ́n ń pè é. N kò ní tàn yín: òun àti ọ̀pọ̀ oògùn tí dókítà ń kọ, potassium chloride ni àwọn méjèèjì. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n kò parọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò. Hóró oògùn kan tí àwọn dókítà sábà máa ń kọ jẹ́ mílígíráàmù 600. Ṣíbí tíì kan tó kún lè gba gíráàmù 5 sí 6. Ẹni tó bá bu ṣíbí kan pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ ti gbé ohun tó tó hóró 8 sí 10 mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Hóró oògùn náà, wọ́n dìídì ṣe é kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun fún wákàtí púpọ̀. Ajílẹ̀ kò mọ ìyẹn, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ́ pọ̀. Wọn kò sì fọ ajílẹ̀ mọ́ fún ẹnu ènìyàn. Èyí tó jẹ́ NPK tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn nǹkan mìíràn tí a pò mọ́ ọn. Ẹ má fi ẹnu kàn án, ẹ má sì fi ike iyọ̀ tàbí ti ṣúgà bù ú wálé.

Kán-ún ńkọ́, èyí tí ẹ̀ ń fi se ẹ̀wà àti ewédú, tí àwọn ará Òkè Ọya ń kó wá? Ní ọjà, àwọn tó gbọ́ òyìnbó ń pè é ní "potash". Orúkọ náà kò bá a mu rárá. Ohun tó pọ̀ jù nínú kán-ún ni sódíọ̀mù, ìbátan iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó wá ń la kán-ún kí pọtásíọ̀mù ara rẹ̀ lè gòkè, iyọ̀ ló ń bù lé iyọ̀.

Ní ti omi eérú pádi kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pọtásíọ̀mù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹnu, ó sì ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọṣẹ.

Ó wá ku oògùn, tí í ṣe ọ̀rọ̀ tí a jókòó lé.

Pọtásíọ̀mù ló wà lára ohun tí ń jẹ́ kí iṣan ara lè fà kí ó sì tún dẹ̀, ọkàn wa náà sì jẹ́ iṣan. Kíndìnrín ni olùtọ́jú ìṣúra níbẹ̀: èyí tó bá pọ̀jù nínú ohun tí a jẹ, ó ń dà á sínú ìtọ̀. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nọ́ńbà tí dókítà fẹ́ rí wà láàárín 3.5 sí bíi 5.0. Ẹ ò rí i pé àlàfo náà kéré. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, iṣan kò ní lágbára, pajápajá á máa múni, ìgbẹ́ á ṣòro yà, ọkàn á sì máa lù ségesège. Bí ó bá gòkè jù, ara á rọ, ọkàn á lọ́ra tàbí kí ó lù ségesège, ó sì lè dúró lójijì. Ẹ wò ó, àmì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra! Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ rí àmì kankan. Kò sí oníkẹ́míìsì, kò sí ọ̀rẹ́, kò sí Ágíríìkì tó lè wo ojú ẹnìkan kí ó sọ pé pọtásíọ̀mù rẹ̀ kò tó.

Ṣé ẹ rántí ohun tí mo máa ń sọ nípa ilẹ̀? Ewé àgbàdo tó pọ́n lè jẹ́ pé ebi náítírójìn ló ń pa á, ó sì lè jẹ́ omi ló dúró sí i nídìí. Ẹni tí kò bu ilẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àfọ̀jú ló fi ń da ajílẹ̀. Bí oko bá sì bàjẹ́, ọdún tó ń bọ̀ a ó tún un gbìn.

Kí ló ń mú kí pọtásíọ̀mù lọ sílẹ̀? Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì wà níwájú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pò ó mọ́ ORS tí ẹ̀ ń rà fún àwọn ọmọ: nínú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2002, gíráàmù 1.5 potassium chloride ló wà fún lítà omi kan. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fúnra wa nílé kò ní in. Ó dára, ó ti gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n bí a bá ń fún ọmọ mu, kí a wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí omi àgbọn kún un.

Ohun kejì ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ń mú ni tọ̀ léraléra. Lasix wà lára wọn, hydrochlorothiazide náà wà lára wọn. Bí ìtọ̀ ṣe ń lọ ni pọtásíọ̀mù ń bá a lọ. Ó lè mú kí dókítà kọ Slow-K tàbí òmíràn tó jọ ọ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ ohun tí mo ń wí.

Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ fún yín lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, báyìí ni kí ẹ ṣe lò ó. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, tàbí kí ẹ lò ó bí ẹ ṣe ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dúró. Ẹ má lò ó lórí ìdùbúlẹ̀, ẹ má sì lọ sùn bí ẹ bá ti gbé e mì tán. Ẹ fi ife omi kan gbáko sìn ín, kì í ṣe ẹ̀kún ẹnu kan lásán. Bí hóró náà bá dúró sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè dá egbò síbẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ má gún un, ẹ má fọ́ ọ sí méjì nítorí pé ó tóbi. Mo mọ ìyá kan tí ń fi ọlọ lọ̀ ọ́ kí ó lè rọrùn fún ọkọ rẹ̀ láti gbé mì. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti sọ oògùn tó yẹ kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ di èyí tó yọ́ lójú kan. Bí ẹnìkan kò bá lè gbé e mì, kí ó sọ fún dókítà, nítorí olómi wà, èyí tí a ń sọ sínú omi kí ó hó náà wà. Ẹni tó bá gba olómi kí ó fi omi là á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kí ó má dà á sẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé ti àárọ̀, ẹ má lo méjì lálẹ́ láti fi dí i. Bí ẹ bá sì rí ohun tó dà bí hóró náà nínú ìgbẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Irú kan wà tó jẹ́ pé èèpo rẹ̀ lásán ló ń jáde, ohun inú rẹ̀ ti wọ ara. Ẹnìkan sọ fún mi pé torí ohun tí òun rí yìí ni òun ṣe ń lo ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń run yín gan-an, tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ bá ń bì, ẹ dá a dúró kí ẹ sì padà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ti abẹ́rẹ́, n kò ní sọ púpọ̀. Pọtásíọ̀mù kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún nílé. Ní ọsibítù nìkan ni wọ́n ti ń fún ni, inú omi tí ń kán tó-tó-tó ni wọ́n sì ń là á sí. Bí wọ́n bá gún un ní gbígún lójijì, ọkàn lè dúró lójú ẹsẹ̀.

Ta ni kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i tó sì ń ṣọ́ ọ? Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe àìsàn, nítorí ẹnu ọ̀nà ìjáde ti dí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí kíndìnrín rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ láìmọ̀. Àwọn àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń lo irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kejì, àwọn tí kì í jẹ́ kí pọtásíọ̀mù jáde: lisinopril, ramipril, enalapril, losartan, spironolactone, amiloride tó wà nínú Moduretic. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn yín lálẹ́ òní. Septrin náà lè mú kí ó gòkè. Oògùn ara ríro tí ẹ̀ ń rà lójú títì lẹ́yìn oko ríro, ibuprofen tàbí diclofenac, ń ni kíndìnrín lára, ó sì lè sé pọtásíọ̀mù mọ́ inú. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ yín nínú. Ẹ̀yìn dídùn kì í ṣe eré.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣubú sínú kòtò yìí rí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Wọ́n fún mi ní oògùn amúnitọ̀ pẹ̀lú oògùn pọtásíọ̀mù, ó sì bá mi lára mu. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí agbègbè mìíràn, mo lọ sí ọsibítù kan níbẹ̀, wọ́n yí oògùn mi padà sí lisinopril. Wọn kò béèrè ohun mìíràn tí mò ń lò, èmi náà kò sì sọ. Mo ń lo lisinopril, mo ń lo pọtásíọ̀mù mi lọ, mo tún ń gbé diclofenac mì ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ọ̀kadà tí mò ń gùn kiri oko. Bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀ àbàtà. Mo ní àárẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo lọ ra oògùn mìíràn ni obìnrin apoògùn kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ tún ń lò pẹ̀lú èyí?" Bí mo ṣe ń kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Kò tà á fún mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nọ́ńbà náà ti kọjá 6. Wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù mọ́jú, wọ́n so wáyà mọ́ mi láyà kí wọ́n lè máa wo bí ọkàn mi ṣe ń lù. Àwọn tó yí oògùn mi padà láìbéèrè ní ẹ̀bi tiwọn, inú sì bí mi fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó má po oògùn apakòkòrò méjì pọ̀ láìbéèrè, kí ni mo ṣe sí ikùn ara mi?

Láti ìgbà náà, inú àpò ọ̀rá kan ni mò ń kó gbogbo oògùn mi sí, tòyìnbó tàgbo, òun ni mo sì máa ń gbé kalẹ̀ níwájú dókítà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo pọtásíọ̀mù kí ó béèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọn kò bá dá ọjọ́ kankan, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ béèrè.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní London tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ èyí náà. Àwọn ọmọ ń fi ìgò oògùn pọtásíọ̀mù ránṣẹ́ sílé, wọ́n tún ń fi iyọ̀ tí wọ́n ní kò ní sódíọ̀mù púpọ̀ ránṣẹ́. Hóró tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 99 pọtásíọ̀mù. Èyí tí dókítà ń kọ, mílígíráàmù 600 yẹn, ní bíi 313 nínú. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ẹ má sì rò pé kékeré kò lè ṣe nǹkan bí a bá ń lò ó lọ́pọ̀. Iyọ̀ yẹn ńkọ́? Potassium chloride ni wọ́n fi ń rọ́pò sódíọ̀mù tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀. Ó lè dára fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ gbó keke. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tó ń lo lisinopril àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀tá ni.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò sí dókítà tó sọ ohunkóhun fún un, kò nílò hóró kankan. Oko rẹ̀ ti tó o. Lọ́dún 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rí ó kéré tán mílígíráàmù 3510 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ. Iṣu ní in púpọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní in, ẹ̀wà ní in, ẹ̀fọ́, tòmátì, ọsàn, omi àgbọn, gbogbo wọn ló ní in. Àwa tí ń gbìn ín la tún ń lọ fi owó rà á nínú ìgò! Àmọ́ ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó, kí ó béèrè èyí tí yóò dínkù nínú oúnjẹ rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a gé iṣu wẹ́wẹ́, kí a bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí a sì da omi náà nù. Púpọ̀ nínú pọtásíọ̀mù rẹ̀ á bá omi lọ.

Bí ẹnikẹ́ni tó ń lo oògùn yìí bá rí i pé apá àti ẹsẹ̀ òun rọ lójijì, tí àyà ń já, tí ọkàn ń fo lílù, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó má dúró di ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmọdé bá gbé hóró yìí mì tàbí tó fi ẹnu kan ajílẹ̀.

Bàbá wa ti ìjọ́sí ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, kí ó sì sọ òótọ́ fún un pé owó oògùn kò ká òun. Ojú ti ń tì í tẹ́lẹ̀. Dókítà dín oògùn amúnitọ̀ rẹ̀ kù, ó sì yí ọ̀kan padà. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nọ́ńbà náà ti gòkè sí ibi tó yẹ, kò sì nílò láti ra pọtásíọ̀mù mọ́. Ike ajílẹ̀ yẹn, ìdí ọ̀pẹ rẹ̀ ni a jọ dà á sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí a ṣe ń sá àgbàdo kí ó gbẹ dáadáa kí a tó kó o sínú àká ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí.